Ẹni tí yóò gbọ́ ọ láìsí ògbufọ̀: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan ní Àjàṣẹ́

Ẹni ọdún 34 ni obìnrin náà, ọmọ Kétu tí ó lọ́kọ sí Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní ilẹ̀ Benin. Aṣọ ló ń tà ní ọjà Ouando. Ọmọ méjì wà nílẹ̀. Oyún kẹta ti wọ oṣù kẹjọ kí ọmọ tó kú sí i níkùn. Wọ́n gbẹ̀bí òkú ọmọ náà nílé ìwòsàn, àwọn àgbà ilé ọkọ sì gbé e lọ sin lọ́jọ́ náà gan-an. Ìyá kò rí i. Lọ́jọ́ kẹta, ọmú rẹ̀ kún fún wàrà, kò sì sí ẹni tí yóò mu ún.

Gbogbo ẹni tó wá kí i ló ń sọ ohun kan náà: "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni, àwọn tó sì sọ ọ́ fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá ti ní kó dúpẹ́ pé agbè kò fọ́, níbo ló tún ti fẹ́ ráyè sunkún omi? Ó dákẹ́. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn náà, ìdákẹ́ yẹn ló gbé ọ̀rọ̀ dé ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ yìí. A kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ohun tó wọ́pọ̀ lára irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ la sì kó jọ di ìṣẹ̀lẹ̀ kan, kí àṣírí aláìsàn kankan má baà tú.

Ara ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé inú òun bàjẹ́. Ohun tó ń sọ ni pé orí òun ń gbóná láti inú wá, pé nǹkan ń rìn lára òun bí èèrà, pé àyà òun ń já. Aago mẹ́ta òru ló ń jí, oorun kò sì ní padà wá mọ́. Ó ń gbàgbé iye tí oníbàárà jẹ ẹ́. Nígbà tó yá, ó fi ìsọ̀ sílẹ̀ fún àbúrò rẹ̀ obìnrin, ó ní òun á dé bí ara bá yá.

Báyìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe máa ń sọ àárẹ̀ ọkàn: orí, àyà àti awọ ara la fi ń sọ ọ́. Ẹni tí kò bá mọ̀ bẹ́ẹ̀ á ní ibà ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n fún un ní oògùn ibà láìyẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ìgbà kẹrin ni agbẹ̀bí kan ní kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kò sí kòkòrò ibà níbẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n hemoglobin rẹ̀, èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀, jẹ́ giráàmù 9 péré nínú desilítà kan, nígbà tí ó yẹ kí ti obìnrin tí kò lóyún tó 12.

Ẹ má fo ìgbésẹ̀ yìí. Obìnrin tó ta ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ nígbà ìbímọ lè máa rẹ̀, kí àyà rẹ̀ máa já, kí orí rẹ̀ má pé, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kò tó. Ẹ̀yà ara kan sì wà níwájú ọrùn tí àwọn dókítà ń pè ní thyroid: iṣẹ́ rẹ̀ lè dà rú lẹ́yìn ìbímọ, kí ó sì jọ àárẹ̀ ọkàn pátápátá. Ti obìnrin yìí dára. Wọ́n fún un ní oògùn tó ń fún ẹ̀jẹ̀ ní irin, kó lò ó fún oṣù mẹ́ta, kó má sì fi tíì gbé e mì, nítorí tíì kì í jẹ́ kí irin náà wọ ara dáadáa. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹrin, ó ti lè gun àtẹ̀gùn láìdúró mí. Síbẹ̀, aago mẹ́ta òru kò yẹ̀. Ìgbà náà ni agbẹ̀bí sọ fún un pé ọ̀rọ̀ yìí ju ẹ̀jẹ̀ lọ, pé kí ó wá ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀.

Ìjókòó mẹ́ta tí kò so èso

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mọ psychologue kan nítòsí, ìyẹn ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ sísọ tọ́jú àárẹ̀ ọkàn. Ọkùnrin náà kàwé, ó ní ìwé ẹ̀rí, ó sì ń pa àkókò mọ́. Faransé ló fi ń ṣiṣẹ́, ó tún gbọ́ Gùn, èdè tí wọ́n ń sọ ní Àjàṣẹ́. Ìyá náà gbọ́ Gùn ti ọjà, èyí tí a fi ń ná ọjà tí a fi ń ka owó. Kò gbọ́ Gùn tí a fi ń sọ ohun tó wà nísàlẹ̀ ikùn. Nítorí náà ọkọ rẹ̀ jókòó ṣe ògbufọ̀.

Ẹ wo ohun tó sọnù láàárín. Ìyá náà ní: "Ọkàn mi ti kú." Ọkọ sọ ọ́ ní Faransé pé ó rẹ ìyàwó òun. Ìyá náà ní: "Mi ò mọ̀ bóyá èmi ni mo pa á." Ọkọ yíjú sí i, ó dá a lóhùn ní Yorùbá pé kó má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, kò sì túmọ̀ rẹ̀ rárá. Psychologue rí omijé, kò gbọ́ gbólóhùn tó fà á. Nígbà tó bi í bóyá ìrònú ikú máa ń wá sí i lọ́kàn, ọkọ ti mirí kí ìbéèrè náà tó dé etí aya. Lórí gbogbo ohun tó bàjẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí, èyí ló bà wá lẹ́rù jù.

Ọkọ kò purọ́ nítorí ìkà. Ìfẹ́ ni, ìtìjú sì wà nínú rẹ̀, òun náà sì ni bàbá ọmọ tó kú. Ohun mìíràn tún wà tí ìyá náà kò lè sọ láéláé níbẹ̀: inú ń bí i sí ọkọ yìí kan náà, pé ó jẹ́ kí wọ́n gbé ọmọ lọ láìjẹ́ kí òun mọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo. Ó dá lílọ dúró. Ilé gbogbo gbà pé "ọ̀rọ̀ dókítà ọkàn" kò ṣiṣẹ́ fún un.

Psychologue náà ní ẹ̀bi tirẹ̀. Ó yẹ kó ti dá ọ̀rọ̀ dúró ní ìjókòó àkọ́kọ́, kó ní kí ọkọ dúró síta, kó sì wá ẹlòmíràn tàbí kó darí rẹ̀ sí ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀. Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn ju ògbufọ̀ lọ, àwọn òfin kan wà. Kó má ṣe ẹbí, kó má ṣe ọmọ aláìsàn láéláé. Kó jẹ́ obìnrin bí aláìsàn bá jẹ́ obìnrin. Kí òun àti olùdámọ̀ràn fi bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá pàdé ṣáájú, kó sì ṣèlérí pé òun á pa àṣírí mọ́. Bí aláìsàn bá ní "èmi", kí ògbufọ̀ náà ní "èmi", kó má ní "ó sọ pé". Gbólóhùn kan tàbí méjì, kó dúró, kó túmọ̀. Bí aláìsàn bá pòwe, kó sọ òwe náà bó ṣe wà, kí wọ́n bi aláìsàn fúnra rẹ̀ ohun tó fi ń sọ. Kí wọ́n sì mọ̀ pé ìjókòó wákàtí kan di wákàtí méjì, torí ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń sọ gbogbo nǹkan.

Wọ́n tún un wá lákọ̀tun

Àbúrò rẹ̀ tó ń bá a jókòó ní ìsọ̀ ló mú bébà. Wọn kò bẹ̀rẹ̀ láti orí owó bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe máa ń ṣe. Wọ́n kọ ohun tí kò ṣeé yọ kúrò sókè: kó gbọ́ Yorùbá débi tí ìyá náà kò fi ní máa wá ọ̀rọ̀ kiri, kó jẹ́ obìnrin, kó má wá láti ilé ọkọ tàbí ìjọ tí ilé ọkọ ń lọ. Èyí tí wọ́n lè fi sílẹ̀ bí kò bá ṣeé ṣe wà nísàlẹ̀: kó sún mọ́ Ouando, kó ṣeé rí láàárọ̀ kùtùkùtù, kó má wọ́n jù. Ọjọ́ orí rẹ̀ àti ẹ̀sìn rẹ̀, wọ́n ní ìyẹn kò kàn wọ́n.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń béèrè. Ìmọ̀ràn kò wọ́n, kálukú ló ní ibi tó fẹ́ kí wọ́n lọ.

Ẹ̀gbọ́n kan láti Kétu ní kí wọ́n gbé e lọ sí Aro, ilé ìwòsàn ọpọlọ ní Abẹ́òkúta. Ìmọ̀ràn náà ní orí àti ẹsẹ̀. Ní Aro, níbi tí Adeoye Lambo, dókítà ọpọlọ, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1954, tí ó jẹ́ kí ẹbí máa gbé pẹ̀lú aláìsàn ní abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, kò sẹ́ni tí yóò béèrè ògbufọ̀. Ṣùgbọ́n ìjókòó ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni ìyá yìí nílò. Ẹni tó ń gbé Àjàṣẹ́, tó ń ṣẹ́ sẹ́fà sí náírà, tó ń kọjá ẹnubodè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, yóò dá a dúró kó tó di ẹ̀ẹ̀kẹta. Olùtọ́jú tó dára ní ọ̀nà jíjìn kò tó olùtọ́jú tó ṣeé dé lẹ́ẹ̀kẹwàá.

Ẹlòmíràn dárúkọ ibùdó Saint-Camille ní Avrankou, tí kò jìnnà sí Àjàṣẹ́. Grégoire Ahongbonon ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹni tí wọ́n so mọ́ igi tàbí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ nítorí àìsàn ọpọlọ ni wọ́n sì ti tú sílẹ̀. Bí ẹni yín bá ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tí kò mọ ara rẹ̀ mọ́, irú ibẹ̀ ni ẹ ó lọ, tàbí Jacquot ní Kútọnu, ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba. Ti ìyá yìí kò tó bẹ́ẹ̀. Ìyá ọkọ ní wòlíì ló kù. Àjàṣẹ́ ni wọ́n ti dá ìjọ Sẹ̀lẹ́ sílẹ̀ ní 1947, àdúrà kì í sì í ṣe àlejò nínú ilé wọn. Kò sẹ́ni tó ní kó má gbàdúrà. Wọ́n kàn fi ẹnu kò sí ohun méjì: kò ní gbààwẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò fi pé, àdúrà kò sì ní gba ipò ìjókòó.

Agbẹ̀bí yẹn ló fún wọn ní ọ̀nà tó já sí nǹkan. Ó ní kí wọ́n má béèrè pé "Ta ló dára?", torí gbogbo ènìyàn ní ẹni tó dára. Kí wọ́n béèrè pé: "Ta ló gbọ́ Nàgó, tó sì ti tọ́jú ìyá tí ọmọ kú mọ́ lọ́wọ́ rí?" Nàgó ni wọ́n ń pe Yorùbá níbẹ̀. Wọ́n gbé ìbéèrè yìí lọ sí ilé ìwòsàn ńlá tí ó wà fún Ouémé àti Plateau, ní Àjàṣẹ́ níbẹ̀, sọ́dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì ìbímọ, wọ́n gbé e lọ sí ọ́fíìsì àwọn òṣìṣẹ́ ìrànwọ́ aráàlú, wọ́n bi àwọn obìnrin Pobè àti Sákẹ́tẹ́ ní ọjà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló gbà. Orúkọ mẹ́rin ló jáde.

Kí wọ́n tó pe ẹnikẹ́ni, agbẹ̀bí ní kí wọ́n mọ ẹni tí wọ́n ń pè. Psychiatre jẹ́ dókítà, ó lè kọ oògùn. Psychologue kì í kọ oògùn, ọ̀rọ̀ sísọ ni iṣẹ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó kọ́ ìtọ́jú ọpọlọ lè ṣe púpọ̀, ó sì máa ń mọ ìgbà tó yẹ kó gbé ọ̀rọ̀ lọ sókè. Ẹni tó pe ara rẹ̀ ní "coach" lè má kọ́ ìkankan.

Ìpè mẹ́rin

Fóònù àbúrò ni wọ́n fi pè, kì í ṣe ti ọkọ. Ìbéèrè tí wọ́n kọ sílẹ̀ nìyí, bí wọ́n ṣe sọ ọ́:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ṣé Yorùbá lẹ ó fi bá wa sọ̀rọ̀ látòkè délẹ̀, àbí ẹ máa ń gbọ́ ọ, kí ẹ fi Faransé dáhùn?"

"Níbo lẹ ti kọ́ṣẹ́, bí ọ̀rọ̀ aláìsàn bá sì le, ta lẹ máa ń bá gbé e yẹ̀ wò?"

"Ta ni yóò gbọ́ ohun tí a bá sọ fún yín?"

"Ìṣẹ́jú mélòó ni ìjókòó kan, eélòó ni, tí a kò bá rí ààyè wá ńkọ́?"

Ẹni àkọ́kọ́ gbọ́ Yorùbá, kò lè fi sọ̀rọ̀. Ó sọ òtítọ́ náà kíá, ó sì dárúkọ ẹlòmíràn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ yẹ fún ọ̀wọ̀. Ẹnì kejì ṣèlérí pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni gbogbo rẹ̀ yóò tán, ó sì fẹ́ gba owó ìjókòó mẹ́wàá lápapọ̀ ṣáájú. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n pa fóònù. Kò sí ẹni tó mọṣẹ́ tí yóò dá ọjọ́ fún ọ̀fọ̀. Ẹnì kẹta jẹ́ ọ̀rẹ́ ìyá ọkọ.

Ẹnì kẹrin, psychologue tí ilé bàbá rẹ̀ wà ní apá Pobè, dáhùn ìbéèrè àṣírí bó ṣe yẹ kí a dáhùn rẹ̀: "Mi ò ní sọ fún ẹnì kankan, àfi bí ẹ̀mí yín tàbí ti ọmọdé bá wà nínú ewu. Bó bá sì dé bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin ni mo máa kọ́kọ́ sọ fún." Ẹni tó bá ní òun kò ní sọ láéláé, ohunkóhun tó wù kó ṣẹlẹ̀, kò tíì ronú jinlẹ̀ lórí iṣẹ́ náà.

Àbúrò wá gbé fóònù fún ìyá náà fúnra rẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọ́n sọ. Ẹnu Kétu àti ẹnu Pobè kì í ṣe ọ̀kan náà gẹ́lẹ́, bí ti Ṣábẹ̀ẹ́ náà ṣe yàtọ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ kan kò yé e, psychologue náà kò ṣe bí ẹni pé ó yé òun. Ó ní: "Kí lẹ ń pè bẹ́ẹ̀ ní Kétu?" Ìyá náà ṣàlàyé. Nígbà tó gbé fóònù sílẹ̀, ó ní òun á lọ.

Owó wá kàn. Kì í ṣe owó ìjókòó nìkan la ń kà: owó zẹ́mì, ọ̀kadà akérò, lọ àti bọ̀ wà níbẹ̀, èrè ọjà tí a kò pa láàárọ̀ náà sì wà níbẹ̀. Ká fi àpẹẹrẹ sọ ọ́: bí ìjókòó bá jẹ́ 5.000 sẹ́fà, tí zẹ́mì jẹ́ 1.000, tí ọjà tó sọnù jẹ́ 2.000, 8.000 ni ìjókòó yẹn ná ọ. Ẹ ṣírò rẹ̀ fún ẹ̀ẹ̀mẹjọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì bá olùtọ́jú sọ ọ́ lójúkojú. Wọ́n fẹnu kò sí aago méje àbọ̀ àárọ̀, kí ọjà tó kún: lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ẹ̀ẹ̀mẹrin, lẹ́yìn náà lọ́sẹ̀ méjì-méjì.

Nínú yàrá

Ní ìjókòó àkọ́kọ́, psychologue náà fẹnu bi í ní ìbéèrè mẹ́sàn-án tí wọ́n ń pè ní PHQ-9, nípa ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá: oorun, oúnjẹ, agbára, ìdùnnú nínú iṣẹ́, ẹ̀bi tí ènìyàn ń dá ara rẹ̀, àti bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 dé 3, àpapọ̀ kò ju 27 lọ. Bó bá ti tó 10, ó yẹ kí a fi ojú sí i. 20 sókè le gan-an. Ìyá náà gba 18.

Ìbéèrè kẹsàn-án ni ti ikú. Kò sí ọkọ níbẹ̀ láti mirí. Ìyá náà ní: "Ọjọ́ mìíràn wà tí mo máa ń sọ pé ká sùn, ká má jí mọ́." Psychologue kò ya ẹnu. Ó bi í gbangba: ṣé ó ti ronú ọ̀nà tí yóò gbà? Ṣé ohun tí yóò lò wà nílé? Bíbéèrè kì í gbin ìrònú náà síni lọ́kàn. Ìtura ló máa ń jẹ́ fún ẹni tó ti ń dá a gbé. Kò ní ètò kankan, ṣùgbọ́n ìgò oògùn kòkòrò tí wọ́n fi ń tọ́jú àgbàdo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdògán. Ó gbà kí àbúrò òun gbé e kúrò nílé lọ́jọ́ náà. Ká ní ó ní ètò ni, tàbí ó ti dá ọjọ́, ilé ìwòsàn ni wọn ì bá gbà lọ láti ibẹ̀, ẹnì kan ì bá sì wà lọ́dọ̀ rẹ̀ títí wọ́n á fi dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Ìjókòó kejì àti ìkẹta, ọ̀rọ̀ ọmọ ni. Láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní ikùn títí dé ọjọ́ tó dákẹ́. Psychologue náà kò pa òwe omi àti agbè. Ìyá náà fúnra rẹ̀ ló pa á, tó sì fi kún un pé: "Ṣùgbọ́n omi tèmi ni." Gbólóhùn yẹn ni kò lè rí sọ ní Faransé, tí kò sì lè rí sọ lójú ilé ọkọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni iṣẹ́ kéékèèké bẹ̀rẹ̀. Kó jí ní aago kan náà lójoojúmọ́, kódà bí kò bá sùn. Kó jókòó ní ìsọ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kó máa fi kún un díẹ̀díẹ̀, kó má dúró de ọjọ́ tí ara yóò yá kó tó lọ. Ìjókòó ní ìsọ̀ yẹn wà lára ohun tí yóò mú ara yá.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin ni nǹkan fẹ́ bàjẹ́. Ẹni tó ń bá psychologue gba ìpè tẹ ìlà ọkọ, ìyá ọkọ sì gbé e. Àríyànjiyàn ṣẹlẹ̀ nílé, ìjókòó ọ̀sẹ̀ náà kọjá lọ. Àṣìṣe kékeré bí èyí lé ọ̀pọ̀ aláìsàn lọ ju àìmọṣẹ́ lọ. Wọ́n tún un ṣe: nọ́ńbà kan ṣoṣo, ti àbúrò, láàárín aago mẹ́sàn-án àti mẹ́wàá àárọ̀ nìkan, bí wọ́n bá kọ̀wé ránṣẹ́, kó má ju "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wá" lọ.

Ní ìjókòó kẹfà, ìyá náà ní kí ọkọ òun wá. Ó wá gẹ́gẹ́ bí ọkọ, kì í ṣe ògbufọ̀. Psychologue mọ̀ pé nílẹ̀ wa òbí kì í lọ sójú oórì ọmọ, kò sì sẹ́ni tó ní láti ṣàlàyé ìyẹn fún un. Kò ní kí wọ́n tàpá sí i. Ó kàn bi ìyá náà pé kí ló fẹ́ mọ̀. Ìyá béèrè ohun méjì: akọ ni tàbí abo, aṣọ wo ni wọ́n sì fi wé e. Ọkọ wolẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní obìnrin ni. Ó ní òun fúnra òun ló mú aṣọ wá láti ilé, àǹkárá aláwọ̀ ewé tí ìyá náà ti gé sọ́tọ̀ láti fi pọn ọmọ.

PHQ-9 jẹ́ 11 lẹ́yìn ìjókòó karùn-ún, ó jẹ́ 5 ní ìkẹsàn-án, 0 sì ni ìbéèrè tó kẹ́yìn. Ó ń sùn títí di aago márùn-ún. Kò lo oògùn ọpọlọ kankan. Ká ní máàkì rẹ̀ kò sọ̀kalẹ̀ títí di ìjókòó karùn-ún ni, wọn ì bá rán an sí psychiatre. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin sì ni irú oògùn bẹ́ẹ̀ máa ń lò kí ipá rẹ̀ tó hàn, a kì í sì í já a dúró lójijì.

Wọ́n fi ìjókòó kẹwàá sí ọ̀sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà yóò pé ọdún kan. Ìyá náà ló yan ọjọ́ náà fúnra rẹ̀, ó sì ní ọkọ òun ni yóò gbé òun débẹ̀, yóò sì dúró síta.